Ẹsẹ̀ mi wà níta: ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá n'Íbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà níbí má bá mi jà o, èmi ò kórìíra kẹ̀kẹ́ Márúwá rárá, kódà tí Micra àti kẹ̀kẹ́ bá jọ dúró ní Mọ́kọ́lá, kẹ̀kẹ́ ni màá wọ̀. Micra tí wọ́n á kó méjì síwájú mẹ́ta sẹ́yìn, tí orúnkún ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ẹ, tó jẹ́ dírẹ́bà ló máa nawọ́ láti ìta bá ẹ ṣílẹ̀kùn, ta ló fẹ́ yẹn? Kẹ̀kẹ́ ń gbatẹ́gùn, ó sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Bẹẹrẹ àti Mápó tí àwọn baba ńlá wa ò ro ti mọ́tò mọ́ ọn kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà lọ́rọ̀ wà.

Àná, èèyàn mẹ́ta ti wà lẹ́yìn, ọ̀gá bá fìdí sún díẹ̀, ó ní "Brọ̀dá mi, ẹ bọ́ síbí, àyè wà." Àyè wo? Ìdajì ìdí mi ló kan fóòmù, mo fọwọ́ kan di irin òkè mú, orúnkún mi ọ̀tún wà níta pátápátá, ìgbà tá a dé Sángo ó kù díẹ̀ kó gbá dígí Micra kan tó páàkì lọ. Ọ̀gá ní "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo rí i."

Ẹ wò ó, kẹ̀kẹ́ ò ní sítíárìn bíi mọ́tò, ọmọ ìyá alùpùpù Vespa ni. Àwọn tó ń ṣe Vespa n'Ítálì náà ló kọ́kọ́ ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí ní 1948, kí iléeṣẹ́ Bajaj ní Íńdíà tó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà ológun l'Ékòó láàárín 1996 sí 1999 tó wá kó o dé tá a fi ń fi orúkọ ẹ̀ pè é títí dòní. Ọwọ́ òsì ni dírẹ́bà fi ń tẹ klọ́ọ̀ṣì tó tún fi ń yí jíà, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fún un níná, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ bíréèkì. Apá ọ̀tún yẹn gan-an ni wọ́n ní kí n jókòó sí! Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fún un níná ni ìgúnpá ẹ̀ ń gún mi ní ìhà, ẹsẹ̀ mi sì wà lẹ́bàá bíréèkì.

Mo bá sọ ọ́ fún un. Kò bínú o, ó kàn bi mí pé ṣé èmi ni màá bá a san owó háyà pọ́ṣéèsì, pé epo tó ń rà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023 ńkọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́, pé owó ẹni tó ń jókòó síwájú ni èrè òun. Ẹnu mi wọhò. Èrò tèmi ni pé kí àwọn mẹ́ta tó bá wà lẹ́yìn máa pín owó ẹni kẹrin san, kí ọ̀gá dá jókòó. Màmá kan lẹ́yìn ní "Ẹ san tiyín o, èmi ò ní."

A bọ́lẹ̀, ọ̀gá ò ní ṣéńjì, ó so èmi àti màmá yẹn pọ̀, ó fún wa ní 200 náírà pé ká lọ pín in. Ibi tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá wa ṣẹ́ ẹ, màmá ti sọdá títì.