Èsì wa fún Ìyá Ìbejì lórí pátákó 20 sí 20

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ wíwò. A ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa ní Kétu yìí, a sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́ síta dípò kí ẹ kàn dẹ́kun wíwá. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún lẹ fún wa. Eré logimage ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, eré orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń fi nọ́ńbà etí pátákó mọ àwọn àpótí kéékèèké, tí à ń pè ní ilé, tí a óò kùn kí àwòrán tó yọ; èèyàn púpọ̀ láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wọ yàrá kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jọ kùn pátákó kan. Ẹ ní ẹ̀yin àtàwọn ìbejì jókòó ti pátákó ńlá náà láti ìrọ̀lẹ́ títí a fi fẹ́ tilẹ̀kùn, àwòrán kò jáde, nítorí náà pátákó wa ní àṣìṣe. Ẹ ní ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí wọlé láti Sábẹ̀ẹ́, ó ń nu ohun tí àwọn ọmọ kùn. Ẹ ní ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kọ̀, kò fi ìdáhùn hàn yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ti sanwó. Ẹ wá fi kún un pé nígbà tí Bàbá Ìbejì rí nọ́ńbà rẹpẹtẹ létí pátákó, ó béèrè bóyá tẹ́tẹ́ là ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé ẹnikẹ́ni kì í ta owó níbí, ẹnikẹ́ni kì í sì í jẹ owó. Wákàtí tí ẹ lò nídìí kọ̀ǹpútà nìkan lẹ sanwó rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà létí pátákó ń sọ iye ilé tí a óò kùn ní dúdú, tí wọn yóò so mọ́ra láìsí àlàfo láàárín wọn. Bí ìlà ìbú kan bá ní 3 àti 4, ilé mẹ́ta tó so mọ́ra ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà àlàfo, ó kéré tán ilé kan, lẹ́yìn náà ilé mẹ́rin tó so mọ́ra. Ìlà òòró náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ lókè. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá ìlà ìbú rẹ̀ mu, kó sì bá ìlà òòró rẹ̀ mu. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, àwòrán á yọ.

Ìlú Jàpáànù leré yìí ti wá. Ní ọdún 1987, obìnrin kan tó ń jẹ́ Non Ishida borí nínú ìdíje kan ní Tokyo, níbi tó ti fi iná ojú fèrèsé ilé gíga ya àwòrán: fèrèsé yìí tan, ìyẹn kú. Láti ibẹ̀ ni èrò pátákó onínọ́ńbà ti sọ sí i lọ́kàn. James Dalgety tó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ obìnrin náà sọ ọ́ ní Nonogram, ìwé ìròyìn Sunday Telegraph sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1990. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní logimage, orúkọ yẹn la kọ sára ògiri wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi oríire ṣe é kò ní rí i ṣe. Pátákó tó kéré jù lọ́dọ̀ wa jẹ́ 5 sí 5, ilé 25 péré. Síbẹ̀, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kùn ilé 25 wọ̀nyẹn jẹ́ 33,554,432, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni ìdáhùn. Ọmọdé ń yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan torí pé ó ń ronú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta wákàtí eré yìí fún ọmọ ọlọ́mọ, tí n kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ṣí eré tẹ́tẹ́ kankan lórí kọ̀ǹpútà wa.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ pé pátákó náà ní àṣìṣe. Kò ní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le létí oníbàárà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ pátákó wò kí a tó gbé e síta. Ohun méjì la máa ń wá. Èkíní, kí ìdáhùn má ju ọ̀kan lọ. Ẹ ya pátákó kékeré tó ní ilé mẹ́rin péré, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí ẹ kọ 1 sí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìbú àti òòró. Ẹ lè kùn tòsì lókè àti tọ̀tún nísàlẹ̀, ẹ sì lè kùn tọ̀tún lókè àti tòsì nísàlẹ̀. Méjèèjì bá nọ́ńbà mu, kò sì sí ẹ̀dá tó lè sọ èwo ni ẹni tó yà á ní lọ́kàn. Irú rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú pátákó ńlá. Nígbà tí mò ń ya ojú gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún yàrá wa, gbogbo rẹ̀ dára títí dé etí òsì, níbi tí ilé mẹ́rin kan ti lè pààrọ̀ ara wọn lọ́nà yẹn gẹ́lẹ́. Mo fi ilé kan kún yẹtí rẹ̀, ó sì tán. Èkejì, kí èèyàn lè dé ìdí rẹ̀ láì dánwò wò, kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa ṣí ìlà mìíràn títí tí yóò fi parí. Ueda àti Nagao, àwọn onímọ̀ méjì ní Jàpáànù, ti fi hàn láti 1996 pé eré yìí lápapọ̀ wà lára àwọn ìṣòro tí kò sí ọ̀nà kan tí a mọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi lè máa yanjú gbogbo wọn kíákíá bí wọ́n ṣe ń tóbi sí i. Èyí tó bá le débi pé a ní láti méfò ká tó lè tẹ̀ síwájú, a kì í gbé e sí yàrá ẹlẹ́ni púpọ̀. Pátákó tiyín yege nínú méjèèjì, àwọn mìíràn sì ti yanjú ẹ̀dà tiwọn láti ìgbà náà. Mi ò ní dárúkọ àwòrán rẹ̀ níbí, torí àwọn kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Eré náà máa ń tọ́jú gbogbo ìtẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, mo sì jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà ìbú keje ni ẹ ti ṣìnà. Ìlà yẹn ní 8 àti 9. Ẹ rò ó pọ̀: 8, àlàfo 1, 9, ó di 18. Ilé 20 ló wà nínú ìlà, nítorí náà ààyè ilé méjì péré ni àwọn ìdì méjèèjì, ìyẹn àwọn ilé dúdú tó so mọ́ra, ní láti fi sún. Bí a bá ti ìdì 8 sí òsì pátápátá, yóò gba ilé kìíní dé ìkẹjọ. Bí a bá tì í sí ọ̀tún débi tó lè dé, yóò gba ilé kẹta dé ìkẹwàá. Ilé kẹta dé ìkẹjọ wà nínú méjèèjì, nítorí náà mẹ́fà yẹn dájú. Bákan náà, ní ti ìdì 9, ilé kejìlá dé ìkejìdínlógún dájú. Ilé 13 ni ẹ̀rí wà fún nígbà náà. Ọwọ́ kan wá kùn 17, ó kó gbogbo rẹ̀ sí apá òsì, ó sì fi X sí ilé kẹsàn-án pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ká ní ìwé ni, tí èèyàn dá nìkan wà nídìí rẹ̀, kò burú. Ó máa rántí pé òun méfò níbẹ̀, ó máa padà sí i. Ṣùgbọ́n lórí pátákó tí a jọ ń kùn, ẹlòmíì ò lè mọ ilé tí a fi ẹ̀rí kùn yàtọ̀ sí èyí tí a fi èrò ọkàn kùn, torí dúdú kan náà ni méjèèjì. Ó dà bí ọbẹ̀ tí ọwọ́ mẹ́ta ń fi iyọ̀ sí láìbára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlà òòró kẹsàn-án rí X, ó gbà á gbọ́, ó sì fi mú ìpinnu mẹ́rin mìíràn. Àwọn mẹ́rin yẹn ló bí ìyókù. X kì í ṣe ohun tí à ń fi sílé kó má baà ṣófo. Ẹ̀rí ni, gẹ́gẹ́ bí dúdú ṣe jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹni tó wọlé láti Sábẹ̀ẹ́ rí apá kan nínú rẹ̀. Ìlà òòró kìíní ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 7, mẹ́fà sì ti wà ní dúdú nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí náà ilé kìíní nínú ìlà keje kò lè dúdú láé. Ó nù ún, ó sì tọ̀nà. Àmọ́ ní ti bó ṣe ṣe é, ẹ̀yin lẹ jàre, Ìyá Ìbejì. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ọmọdé tí wọ́n kàn nu iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé ìjà ni, á tún un kùn, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Ká ní ó kọ ìdí rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ì bá rí i pé bí ilé kìíní kò bá dúdú, ìdì 8 ti sún, ilé kẹsàn-án sì gbọ́dọ̀ dúdú. X burúkú yẹn ì bá ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹni tó bá nu ilé ẹlòmíì ní yàrá wa gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ìlà àti ìdí rẹ̀. A ti sọ fún gbogbo wọn, ti Sábẹ̀ẹ́ àti ti Àjàṣẹ́.

Ẹ tún kọ pé àwọn ilé kan yí padà di X fúnra wọn. Ìtẹ̀ kìíní máa ń kùn ilé, ìkejì á sọ ọ́ di X, ìkẹta á nù ún. Bí ẹni méjì bá rí ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì jọ tẹ̀ ẹ́, X ni wọn yóò bá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Táyé mú ìlà ìbú, kí Kẹ́hìndé mú ìlà òòró, kí ẹni tó bá fẹ́ wọ ti èkejì kọ́kọ́ fọhùn. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnu lásán tó.

Ní ti ìdáhùn, a ò ní fi í hàn. Ọmọkùnrin wa ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí pátákó náà, ẹni tó bá sì rí àwòrán tán ti ba tàwọn yòókù jẹ́. Ohun tó lè ṣe fún yín, tí yóò sì máa ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ni kó na ìka sí ìlà kan kó ní, "Ẹ wo ibí yìí."

Wákàtí tí ẹ san tí ẹ kò lò tán ṣì wà lórúkọ yín. Pátákó náà wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àyàfi pé a ti nu ìlà keje padà dé ilé 13 tó dájú, a sì ti nu gbogbo ohun tí X yẹn bí ní ìlà òòró kẹsàn-án. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ìlà ìbú kẹrìnlá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní 6, 6, 6, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ fún àwọn ìbejì ní àyè kí wọ́n ro àwọn nọ́ńbà náà pọ̀ pẹ̀lú àlàfo méjì tó wà láàárín wọn, kí wọ́n sì sọ fún yín iye ilé tó dájú níbẹ̀.