Ráútà mi ò bàjẹ́ o!

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé "mà, ẹ bá wa pa á kẹ́ ẹ tún tàn án," èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa fa ọ̀rọ̀ yẹn. Láàárọ̀ yìí náà ni àwọn kọ́ńpìnnì tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì tún sọ ọ́. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀, kẹ́ ẹ tàn án. Ìgbà wo la ò pa á? Ṣebí àwọn tó ń mú iná lọ náà ń bá wa pa á lójoojúmọ́, kí ló tún ṣe?

Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín, kẹ́ ẹ bá mi dá a. Ilé tá à ń gbé ní Bódìjà n'Ìbàdàn yìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ògiri ẹ̀ nípọn gan-an. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni àwọn kọ́ńpìnnì yìí lu ihò sí tí wọ́n gba ibẹ̀ mú wáyà fáíbà wọlé, ibẹ̀ ni módẹ́mù, àpótí tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì látinú wáyà yẹn, wà, WiFi ẹ̀ ò sì lè gun òkè. Ìdí nìyẹn tá a fi ra ráútà, àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri, ní ọjà Queen Cinema, a fa kébù láti ìdí módẹ́mù lọ sókè, a tì í bọ ojú WAN lẹ́yìn ráútà, ìyẹn ojú tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú ẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ń ṣe mítìnì ẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣe asáínmẹ́ǹtì, èmi ń dá àwọn kọ́sítọ́mà mi lóhùn lórí WhatsApp, kò sí ariwo kankan. Àfi bí kọ́ńpìnnì ṣe dé pé módẹ́mù wa ti pẹ́, pé àwọn fẹ́ fún wa ní tuntun. A ò bẹ̀ wọ́n o. Wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi tuntun síbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n lọ. Wọn ò tíì jáde ládùúgbò tí òkè fi kú.

WiFi òkè ń fara hàn lórí fóònù, ó kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tẹ Google, á máa yí gbirigbiri ni. Ìsàlẹ̀ ń lọ dáadáa. Iná LOS ara módẹ́mù tó máa ń pọ́n tí àwọn tó ń gbẹ́ títì bá ti gé fáíbà, kò pọ́n, torí náà fáíbà kọ́.

Mo pè wọ́n. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń jẹ owó orí fóònù mi. Ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó ní ṣé ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Á jẹ́ pé ráútà yín ló bàjẹ́ mà, ìyẹn ò kàn wá." Mo ní ráútà tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé? Kí lẹ yí padà? "A ò yí nǹkan kan padà mà." Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gbé módẹ́mù lọ tó gbé òmíràn sílẹ̀ ló ní òun ò yí nǹkan kan padà.

Mo gbé ráútà, mo wọ Micra lọ sí Queen Cinema nínú oòrùn, ẹ sì mọ iye tí owó mọ́tò ti dà báyìí. Ọmọkùnrin tó tà á fún wa so ó mọ́ módẹ́mù tiẹ̀ níṣojú mi, kíá ló ń lọ. "Mọ́mì, kò sóhun tó ṣe é o, ẹ padà lọ bá wọn."

Wọ́n wá rán ẹnjiníà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó ti ń kánjú kó tó wọlé, pé òun ṣì ń lọ sí Àpáta. Ó so láptọ́ọ̀pù ẹ̀ mọ́ módẹ́mù, ó ń lọ, ó ní "Mọ́mì, ṣẹ́ ẹ rí i, tiwa dáa." Ó gòkè, ó fa kébù yọ lójú WAN, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ dá yàtọ̀ yẹn, ó tì í bọ ọ̀kan nínú àwọn ojú LAN, èyí tó wà fún àwọn nǹkan inú ilé, kò yí nǹkan kan nínú ráútà fúnra ẹ̀, ó ní ká máa lò ó bẹ́ẹ̀, ó sì gba owó mọ́tò lọ́wọ́ mi! Kò pẹ́ tó lọ tí ìsàlẹ̀ náà fi dàrú. Fóònù kan á lọ, èkejì ò ní lọ, tó bá yá èyí tó ń lọ náà á dákẹ́. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú mítìnì ni nǹkan já a dànù, níwájú àwọn ọ̀gá ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Poly ló yọ wá. Ó ní nọ́ńbà tí módẹ́mù tuntun ń jẹ́ ni 192.168.1.1, ti ráútà náà, 192.168.1.1. Módẹ́mù tí wọ́n gbé lọ, 192.168.100.1 ni, ó wà lára páálí ẹ̀ tá a ṣì fi pamọ́. "Àǹtí, ó dà bí ìgbà tí ilé méjì ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ládùúgbò kan, ráútà ò mọ èyí tó jẹ́ ìta mọ́." Ti ọmọkùnrin Queen Cinema ń jẹ́ nọ́ńbà míì, ìyẹn ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti ẹnjiníà yẹn ló wá burú jù, torí pé ojú LAN tó tì í bọ̀, ńṣe ni módẹ́mù àti ráútà jọ ń pín nọ́ńbà fún gbogbo fóònù inú ilé, kálukú ń pín tiẹ̀. Ọmọ yẹn dá kébù padà sójú WAN, ó sọ ráútà di 192.168.50.1, ó kọ́kọ́ tan módẹ́mù títí iná ẹ̀ fi dúró, ó wá tan ráútà. Ó ń lọ.

Ohun tó wà níbẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ò mọ̀ ọ́n, àbí wọ́n mọ̀ ọ́n tí wọn ò kàn fẹ́ sọ? Ẹ̀yin kọ́ńpìnnì yìí, ẹ rí kébù tó gun òkè, ẹnu yín wúwo láti bi wá pé kí ni nọ́ńbà ráútà yín?

Kò sì tíì tán. Kámẹ́rà tó wà ní gétì wa, ọkọ mi ò lè wò ó láti Èkó mọ́ látìgbà tí módẹ́mù yìí ti dé. Mo ní kí wọ́n bá wa fi í sí bridge mode, ìyẹn ni pé kí módẹ́mù kàn máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá, kí ráútà nìkan máa pín in, wọ́n ní rárá. Mo ní kí wọ́n fún wa ní páswọ́ọ̀dù ẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í fún kọ́sítọ́mà. Inú ilé mi ló wà, iná mi ló ń jẹ! Ìgbà tí mo ń sọ pé WiFi ẹ̀ ò gòkè, wọ́n ní ká máa jókòó sún mọ́ ọn, ká máa sùn sí pálọ̀ nìyẹn? Tẹ́ẹ̀sì pé oṣù wa ti ń parí lọ, ìyẹn kì í pẹ́ dé. Ihò tí wọ́n lu sára ògiri náà rèé títí dòní, wọn ò dí i, èèrà ń tò gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ ṣí módẹ́mù yẹn fún wa. Gbogbo ọjọ́ tí òkè fi kú, ẹ fi kún oṣù wa, kẹ́ ẹ dá owó mọ́tò tí ẹnjiníà yín gbà padà, kẹ́ ẹ wá dí ihò yín. Nọ́ńbà ẹjọ́ tẹ́ ẹ fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tó bá di ọjọ́ Ajé tí n ò rí yín, 622 ni mo máa pè, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn kọ́ńpìnnì fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ni yóò bá wa dá sí i.