Bẹ́ẹ̀ Ni Kì Í Ṣe Yes

Ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo ayé ló kìlọ̀ òtútù fún yín, ẹ sì ra kóòtù. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ "yes" fún yín.

Ẹ wò ó ná. Òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó síwájú yín, ó ń wo fọ́ọ̀mù, ó ní, "You haven't been arrested before?" Ẹ̀yin ọmọlúàbí, ẹ mirí, ẹ ní, "Yes." Ohun tó wà lọ́kàn yín ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọlọ́pàá ò mú mi rí." Ohun tí etí òyìnbó fẹ́ gbọ́ ni pé wọ́n ti mú yín rí, ẹ tún wá ń fẹyín sí i. Ó bá ṣí bírò.

Kí ló fà á? "Bẹ́ẹ̀ ni" tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó béèrè ló ń tì lẹ́yìn: bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. "Yes" àti "no" ò rí ti ẹni tó béèrè rò, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó ṣẹlẹ̀? Yes. Kò ṣẹlẹ̀? No. Ì báà jẹ́ pé "not" há ìbéèrè náà lọ́fun. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín báyẹn, ẹ kọ́kọ́ yọ "not" kúrò lọ́kàn yín, kí ẹ wá dáhùn èyí tó kù. "Haven't you finished?" á di "Have you finished?" Ẹ ò tíì parí? "No." Kí ẹ má sì fi "no" nìkan sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ so ìrù mọ́ ọn: "No, I haven't." Ìrù yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Tí ẹ bá gbọ́ "Yes, I haven't" lẹ́nu ara yín, ẹ mọ̀ pé Yorùbá ti já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ yín.

Ìkejì rẹ̀ ló tún burú, nítorí kò ní "not" tí ẹ máa yọ. "Do you mind if I sit here?" Ó ń díbọ́n bíi "Ṣé kí n jókòó?" bẹ́ẹ̀ "Ṣé inú yín ò ní dùn sí i?" ló ń béèrè. Ẹ fọ̀yàyà dáhùn pé "Yes!" Ọmọ ọlọ́mọ bá dúró títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ràn ìjókòó. "Not at all" ni ìdáhùn ẹni tó fẹ́ fúnni láyè.

Ẹ jẹ́ ká dé orí "máa ń", nítorí òun ló ń da ilé rú. Ẹ fẹ́ sọ fún onílé pé, "Mo máa ń san owó ilé lọ́jọ́ kìíní oṣù." Ẹ ní, "I used to pay my rent on the first." Onílé yọ gíláàsì ojú. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹ máa ń san án nígbà kan rí, àmọ́ ẹ ti jáwọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà: "I used to take my medicine." Dókítà bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ pé, "I used to call my wife every day." Wọ́n fọwọ́ lé yín léjìká, wọ́n ní ọlọ́jọ́ ń ka ọjọ́, ẹ máa rí òmíràn. Ìyàwó wà lórí fóònù lọ́wọ́lọ́wọ́!

"Used to" jẹ́ ti ohun tó ti kọjá, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti tì. Ohun tí ẹ ṣì ń ṣe, ẹ sọ ọ́ lásán: "I pay." Tó bá jọ pé ó kéré, "I usually pay." "I am used to" ló tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, òun sì túmọ̀ sí pé ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀yìn èyí, "-ing" ló ń tẹ̀ lé e: "I am used to driving at night." Tí ẹ bá fi "drive" síbẹ̀, ẹ ti já.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nínú èdè wa. A yá èèyàn lówó, a tún yá owó lọ́wọ́ èèyàn; "lọ́wọ́" ló ń sọ apá ibi tí owó gbà. Òyìnbó pín in sí méjì: "lend" ń jáde lápò yín, "borrow" ń wọlé. "Borrow me your pen" kò sí níbẹ̀. "Kọ́" náà rí bẹ́ẹ̀: "teach" àti "learn". "Gbọ́" ní tiẹ̀, kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Etí gbọ́, imú gbọ́ òórùn, ọkàn gbọ́ èdè. Ẹni tó bá ní "I am hearing smell", àwọn èèyàn á máa wo etí rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? "Ẹ fún mi lómi." "Ẹ" yẹn ti kúnlẹ̀ fún yín. Ẹ tú u sí "Give me water", "ẹ" sọnù sójú ọ̀nà, àṣẹ ọ̀gá ológun ló kù. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni òyìnbó kó ọ̀wọ̀ tiẹ̀ sí: "Could I have some water, please?" "Could" yẹn kì í ṣe ti àná o, ìkúnlẹ̀ ni. Kí ẹ má sì gbé ọ̀wọ̀ lọ sórí ìyá yín pé "My mother, they are coming", wọn á gbé àga mẹ́ta kalẹ̀. "She" ni, ẹ má bẹ̀rù, kò ní dé etí ìyá.

"S" àti "ed" tó ń jábọ́ lẹ́nu wa, kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Bí "bus" ṣe wọlé la fún un ní fáwẹ̀lì, ó di bọ́ọ̀sì. "Bread" di búrẹ́dì. Èyí tí a ò fún ní fáwẹ̀lì, a gbé ìrù rẹ̀ mì. Bẹ́ẹ̀, ìrù yẹn ni òyìnbó so àná àti iye mọ́. Ẹ ti ìrù náà sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e: "works in" á di wọ́ọ̀k-sin, "worked at" á di wọ́ọ̀k-tat. Ẹ̀yìn "t" àti "d" nìkan ni "ed" ti ń dá dúró, bíi "wanted". Tí "did" bá sì ti ru ẹrù àná, kí "went" sọ tiẹ̀ kalẹ̀: "Did you go?" Ẹrù kan, orí kan.

Ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣeé kà, tó sì jẹ́ ẹyọ kan, kì í dá jáde. "I bought car" wà níhòòhò lójú títì. Ẹ fún un ní "a" tí olùgbọ́ ò bá tíì mọ èyí tí ẹ ń wí, "the" tó bá ti mọ̀ ọ́n: "I bought a car. The car won't start." Etí ni ẹ fi ń yan "a" tàbí "an", kì í ṣe ojú: "an hour", "a university". "Information", "luggage" àti "advice" ò gba "a", wọn ò sì gba "s". Ní ti ọkọ̀, èyí tí ẹ lè dìde rìn nínú rẹ̀ gba "on": "on the bus". Èyí tí ẹ máa ká ara kò kí ẹ tó wọ̀ gba "in": "in the car".

Ó wá ku "àbí". Àbí wa kan ṣoṣo, kò sí gbólóhùn tí kò lè parí. Òyìnbó ní kí ẹ padà lọ wo ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ẹ yí i padà, kí ẹ wá fi arọ́pò-orúkọ sí i: "It's good, isn't it?" "He went, didn't he?" Ẹ wá gbìyànjú "I am late". Olùkọ́ tó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "I are" ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló máa wò yín lójú báyìí pé "aren't I?" ni. Ẹ bi í pé kí ló dé, á ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a. Tó bá rẹ̀ yín, "right?" wà níbẹ̀, kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni. Ó jọ pé àwọn náà ti ń wá àbí tiwọn, àbí?