Kàkà Kí Eku Má Jẹ Sèsé

Kàkà kí eku má jẹ sèsé, a fi ṣe àwàdànù. Ohun tí kò ní jẹ́ tirẹ̀ nìkan, yóò hú u dà sílẹ̀ kí ó má baà ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Inú máa ń bí mi nígbà tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà bá ń fi ìgbìmọ̀ ètò ààbò abẹ́lé wọn yangàn. Lẹ́yìn ìkọlù àwọn agbésùmọ̀mí sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, wọ́n kó àjọ 22 pọ̀ di iléeṣẹ́ ìjọba kan, iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé, Ilé Aṣojú-ṣòfin sì yan ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀ láti máa bójú tó o. Ní ọdún 2004, àwọn tó ṣèwádìí ìkọlù náà sọ ọ́ lójú wọn pé ìgbìmọ̀ ńlá àti kékeré 88 ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ń lọ jẹ́jọ́ níwájú wọn, pé kí ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ àbójútó náà lé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, Ilé Aṣojú-ṣòfin sọ ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀ náà di èyí tí yóò máa wà títí.

Oyè ni wọ́n fi jẹ, wọn kò fún un ní àṣẹ tó tó oyè. Ìgbìmọ̀ ìrìnnà di ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun àti àjálù mú, ti ìdájọ́ kò yọwọ́ nínú òfin ìwọlé àjèjì, ti owó-orí sì jókòó ti owó tí àwọn asọ́bodè ń gbà. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn óò ní ìrírí àwọn ló fà á. Irọ́ ni! Alága tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kò wá wárí fún mọ́, ta ni yóò kà á sí?

Kí ọdún 2005 náà tó parí, ìjì Katrina ba ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà jẹ́. Abẹ́ iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé yìí gan-an ni àjọ tó ń mójú tó àjálù wà, síbẹ̀, nígbà tí ìwádìí dé, ńṣe ni Ilé tún lọ yan ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀ mìíràn, nígbà tí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di títí láé jókòó síbẹ̀.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin alága tí ẹ kò lè fi nǹkan kan sílẹ̀, ẹ má wá ẹni tí ẹ óò dá lẹ́bi nígbà tí àjálù bá dé, torí ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ náà dání. Ilé aṣòfin yòówù tó bá fẹ́ sọ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ di títí láé, kí ó kọ́kọ́ kọ àṣẹ tí yóò gbà àti ọwọ́ ẹni tí yóò ti gbà á sílẹ̀, kí ó sì gbà á kí wọ́n tó dìbò. Bí ẹ kò bá ní ìgboyà láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tú u ká nígbà tí sáà yín bá parí, kí ẹ yéé fi owó ìlú bọ́ orúkọ lásán.