Ọlọ́jà òfio nìkan kọ́

Kọ́lẹ́rà ń jà l'Ékòó ní June 2024. Àtọjọ́ tí Dókítà Kemi Ogunyemi, olùbádámọ̀ràn gómìnà Èkó lórí ètò ìlera, ti sọ pé ike ohun mímu òfio tí wọ́n rí, tí wọ́n fura sí pé ó fa àìsàn náà, orúkọ nìkan ló wà lára ẹ̀, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò, ọlọ́jà òfio ni gbogbo ẹnu dà lé. Títí di June 15, èèyàn 15 ló ti kú nínú àwọn 350 tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní kọ́lẹ́rà.

A ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń po nǹkan tà láìgbàṣẹ, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n omi wo ló fi pò ó? Ohun tá a ti ń bi ìjọba tipẹ́ nìyẹn. Ṣé omi kànga ẹ̀gbẹ́ ṣaláńgá ni, àbí omi mẹ́ruwà tẹ́nì kan ò mọ ibi tó ti pọn ọ́n?

Wọ́n ní ká fọwọ́, ká se omi, ká bo oúnjẹ. Ó dáa, òótọ́ ni, omi tó bá hó dáadáa, kòkòrò kọ́lẹ́rà ò lè yè é, àmọ́ ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì, tó tún máa fi gáàsì olówó gọbọi sè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá a wí lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣé ẹ ti ra gáàsì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni? Omi Adiyan kejì, ilé iṣẹ́ omi tí ìjọba Èkó ń kọ́, látayé gómìnà Fashola la ti ń gbọ́ ọ, Ambode wá, ó lọ, Sanwo-Olu ti wọ sáà kejì, títí di June 2024 yẹn, a ò tíì rí omi mu níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá ń yàgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, ẹ má dúró wá àgbo o, torí omi ara tó ń gbẹ ló ń pààyàn, wákàtí díẹ̀ ti tó. ORS, ìyẹn oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, ni kẹ́ ẹ pò, tí ò bá sí, omi lítà kan tẹ́ ẹ ti sè, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, ẹ máa fún un mu bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ìtọ́jú ẹ̀ lọ́sípítù ìjọba Èkó ní 2024.

Àwọn elétò ìlera ti sọ tiwọn. Tokunbo Wahab, kọmíṣọ́nnà tọ́rọ̀ omi wà lọ́wọ́ ẹ̀, la ń retí. Kó dárúkọ ọjọ́ tí omi Adiyan kejì máa yọ, kó má sọ fún wa pé láìpẹ́, etí wa ti kún. Kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n gbé tánkà omi tó mọ́ lọ sí Eti-Osa, Kosofe àti Lagos Island lọ́sẹ̀ yìí, lọ́fẹ̀ẹ́.