Kì í ṣe ṣúgà ni wọ́n dà sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀ láti Pọ́túgà o. Ẹ ní wáìnì Port tí ẹ tọ́ wò ní ìlú Porto dùn torí pé wọ́n da ṣúgà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ rántí ẹmu tí à ń mu ní Òṣogbo níbí. Tí ẹlẹ́mu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láàárọ̀, ó dùn bí oyin. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ìfófó ti bo ẹnu kèrègbè. Yíìsì, ìyẹn àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀, ló jẹ adùn yẹn tó sọ ọ́ di ọtí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èso àjàrà àfonífojì Douro ní Pọ́túgà, tí wọ́n fi ń ṣe Port. Àmọ́ kí yíìsì tó jẹ adùn ọ̀hún tán, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n fi àjàrà ṣe lé e lórí. Yíìsì á kú, adùn èso á ṣẹ́kù. Ọtí líle yẹn náà ló jẹ́ kí ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 (ẹ̀yin náà kúkú sọ bí ilẹ̀ ṣe ń yí!).

Vinho verde, wáìnì Pọ́túgà mìíràn tí ẹ kò rà torí pé "aláwọ̀ ewé" ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ńkọ́? Funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pupa náà wà. Wáìnì titun, tí wọn kì í fi pẹ́ kí wọ́n tó mu ún, ni orúkọ yẹn ń sọ. Ẹ bá mi mú ìgò kan bọ̀ nígbà mìíràn.