Ìjọba Ṣáínà kọ́ ló ń sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà lókè òkun

Ẹ̀yin tó wà ní Manchester, Peckham tàbí Houston ti gbọ́ ọ bí ẹní gbọ́ orin: "Àwọn ọmọ Ṣáínà yìí, ìjọba wọn ló ń rán wọn wá o. Tiwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa." Gbólóhùn kejì, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀ fún àwọn ará Àbújá. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́.

Iye wọn wà lákọsílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ṣáínà fúnra rẹ̀ ló sì gbé e jáde. Lọ́dún 2018, èèyàn 662,100 ló kúrò nílé lọ kàwé. Ìjọba rán 30,200 nínú wọn, ibi iṣẹ́ rán 35,600. Àwọn tó ṣẹ́kù, 596,300, owó ara wọn ni wọ́n ná. Ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nìyẹn. Tí ọmọ Ṣáínà ogún bá jókòó sí kíláàsì másítà kan ní Leeds, ẹ lè wá a títí kí ẹ má rí ẹyọ kan tí ìjọba rán, torí pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe PhD àti àwọn olùkọ́ yunifásítì tó lọ ṣèwádìí fúngbà díẹ̀ ni sikọ́láṣíìpù ìjọba ń lọ jù.

Ibi tí èrò náà ti wá ò ṣòro láti mọ̀. Nígbà kan rí, ìjọba ló ń rán wọn lóòótọ́. Láàárín 1872 sí 1875, ìjọba ọba Qing, tó ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà, kó ọmọkùnrin 120 lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì pè wọ́n padà ní 1881. Lóṣù kẹfà 1978, Deng Xiaoping, ọ̀kan lára àwọn olórí Ṣáínà, ní kí wọ́n rán èèyàn púpọ̀ sí i jáde, àwọn méjìléláàádọ́ta àkọ́kọ́ sì gbéra lọ sí Amẹ́ríkà lóṣù Kejìlá ọdún náà. Láti 1981 ni wọ́n ti gbà kí èèyàn fi owó ara rẹ̀ lọ, àmọ́ ìdílé mélòó ló lówó náà nígbà yẹn?

Ohun kejì tó ń rú àwa ọmọ Nàìjíríà lójú ni China Scholarship Council, èyí tí wọ́n ń pè ní CSC. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1996, òun ló sì ń bójú tó àlọ àti àbọ̀: ó ń rán ọmọ Ṣáínà jáde, ó tún ń gba àwọn ọmọ wa wọlé sí Wuhan àti Beijing lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ bá jẹ nínú owó yìí á gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ tiwọn náà nìyẹn.

Ọmọ Ṣáínà tó bá rí owó CSC gbà gan-an, okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Kó tó wọ bàálù, á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, á sì fa onídùúró kalẹ̀. Tó bá kàwé tán, dandan ni kó padà wá ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì. Tí kò bá padà, gbogbo owó tí wọ́n ná lé e lórí ni yóò dá padà, pẹ̀lú owó ìtanràn ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Tí kò bá san án, onídùúró ni wọ́n á dojú kọ.

Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹ jẹ́ á ṣírò rẹ̀. Ẹ mú másítà ọlọ́dún kan ní London tí owó ilé-ìwé rẹ̀ jẹ́ £30,000, kí ẹ fi £1,500 kún un lóṣooṣù fún ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀. £48,000 nìyẹn lọ́dún. Tí pọ́n-ùn kan bá jẹ́ yuan mẹ́sàn-án, ó di yuan 432,000. Lọ́dún 2023, owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìlú Ṣáínà, lẹ́yìn owó-orí, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ yuan 51,821. Owó ọdún mẹ́jọ lé ló bá ọdún kan náà lọ.

Òfin ọmọ kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1980 títí wọ inú 2015, wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ọmọ kan, òbí méjì, bàbá àgbà méjì, ìyá àgbà méjì: àpamọ́wọ́ mẹ́fà ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Kò sí àbúrò kankan tó ń dúró de owó ilé-ìwé lẹ́yìn. Àwọn ìdílé náà mọ owó pa mọ́ dáadáa, ẹni tó bá sì ti ra ilé ní Beijing tàbí Shanghai nígbà tí kò tíì gbówó lórí lè ta ọ̀kan. Ẹ má rò pé ọmọ olówó ńlá ni gbogbo wọn o. Ọmọ olùkọ́ àti ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wọn.

Kí owó wà jẹ́ ọ̀kan, kó jáde nílùú jẹ́ òmíràn. Ìjọba tí wọ́n ní ó ń sanwó yìí gan-an ló dí ojú ọ̀nà. Dọ́là 50,000 ni ẹnì kan lè rà lọ́dún kan láìsí àlàyé púpọ̀. Owó ilé-ìwé lè kọjá ìyẹn, àmọ́ báńkì á kọ́kọ́ rí lẹ́tà ìgbàwọlé, ìwé tí yunifásítì kọ iye owó sí, páásípọ́ọ̀tù àti físà. Owó ilé àti oúnjẹ ló ń fa wàhálà. Àwọn òbí kan á pín yuan sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àna àti ọ̀rẹ́, kí oníkálùkù fi àyè tirẹ̀ ra dọ́là ránṣẹ́ sí ọmọ kan náà. Ọwọ́ òfin le sí i: orúkọ ẹni tó bá há á wọ ìwé, àyè dọ́là 50,000 náà á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn àti ọdún méjì tó tẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn á gba ẹ̀yìn lọ, bí ẹni tó kó náírà fún aláṣẹ́ńjì ní Èkó kí pọ́n-ùn lè jáde ní London. Òbí á san yuan ní Ṣáínà, ẹnì kan tí ọmọ náà ò mọ̀ rí á lọ kó owó pọ́n-ùn sínú àkáǹtì rẹ̀ ní Bìrìtìkó. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó ọ̀daràn lè wà nínú pọ́n-ùn yẹn. Lọ́dún 2019, National Crime Agency, àjọ Bìrìtìkó tó ń gbógun ti ọ̀daràn ńlá, mú kí ilé-ẹjọ́ ti àkáǹtì 95 pa, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 pọ́n-ùn ló sì wà nínú wọn. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa lè máà mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, síbẹ̀ rẹ́ǹtì ń dúró.

Físà Bìrìtìkó náà ń ti èrò pé ìjọba ló ń sanwó lẹ́yìn. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi sítétímẹ́ǹtì báńkì ránṣẹ́, kí owó sì ti jókòó sínú rẹ̀ fún ọjọ́ 28. Ọmọ Ṣáínà kì í sábà fi í ránṣẹ́, torí pé láti 2018 ni Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà, ti fi Ṣáínà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín ìwé kù fún. Òfin owó kan náà ló de gbogbo wọn o. Wọ́n lè béèrè sítétímẹ́ǹtì náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò bá sì rí i mú wá, físà ò ní jáde.

Kí wá ló ń lé wọn? Àwọn kan á ní wọ́n fìdí rẹmi nínú gaokao, ìdánwò àṣewọ yunifásítì wọn, ni wọ́n ṣe sá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ lókè òkun ò jókòó ṣe gaokao rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tó ń kọ́ A-level tàbí IB, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ òkè òkun, ni wọ́n ti jáde. Yunifásítì Sydney ti ń gba èsì gaokao láti 2012. Cambridge náà ń gbà á, àmọ́ ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ní ẹkùn rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀nà másítà ni èrò pọ̀ sí jù, ìdánwò àṣewọ másítà nílé ló sì yẹ ká wò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ti 2023 jẹ́ mílíọ̀nù 4.74, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì ráyè. Ẹni tí kò ráyè lè fi ọdún kan mìíràn jókòó ti ìwé, kó tún wá lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú másítà fúnra rẹ̀. Bìrìtìkó ń fún un ní tirẹ̀ lọ́dún kan. Tó bá padà, Shanghai lè fún un ní ìwé ìgbélùú, tó ń sọ èèyàn di ará ìlú náà lábẹ́ òfin, èyí tí ọmọ Ṣáínà mìíràn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá: ẹni tó jáde ní yunifásítì àádọ́ta àkọ́kọ́ lágbàáyé lè tọrọ rẹ̀ ní kété tó bá ríṣẹ́ síbẹ̀, ẹni tó jáde ní ti 51 sí 100 á kọ́kọ́ san owó adójútòfò ìjọba fún oṣù mẹ́fà. Ìdí rèé tí àwọn òbí kì í fi í gbójú kúrò lára nọ́ńbà QS, àtẹ tó ń to yunifásítì àgbáyé sí ipò, tí ilé-ìwé tó dára gan-an tó wà ní ipò 130 kì í sì í wù wọ́n.

Ìdílé tó ń sanwó máa ń ṣírò èrè, ó sì hàn nínú iye wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ṣáínà 372,532 ló ń kàwé ní 2019/20. Ní 2023/24, wọ́n ti já sí 277,398, Íńdíà sì ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú 331,602. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ò pọ̀ nílé mọ́: lóṣù kẹfà 2023, ìdá 21.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ ìlú tó ń wáṣẹ́ ni kò rí. Iṣẹ́ ilé yẹn sì ṣe pàtàkì, torí pé nínú àwọn tó parí ẹ̀kọ́ láàárín 1978 sí 2019, ìdá 86 ló padà sílé.

Ibi tí ọwọ́ ìjọba ti lágbára jù ni ìwé-ẹ̀rí. Ọ́fíìsì kan wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, CSCSE lorúkọ rẹ̀. Tí kò bá fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí tí èèyàn gbé ti òkè òkun bọ̀, iṣẹ́ ìjọba ò ṣeé wọ̀, ìwé ìgbélùú ò ṣeé tọrọ. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní 2023, ọ́fíìsì yìí kéde pé òun ò ní fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fàyè gbà nígbà kòrónà mọ́, afi ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí yunifásítì Ọsirélíà wọlé. Àwọn ọmọ tó wà nílé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wá físà, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti yàrá ní Sydney àti Melbourne, àpamọ́wọ́ mẹ́fà yẹn náà ló sì san án.